Ọmọ Lábọ̀dé ní Yunifásítì Ìbàdàn

Àwa tí a fẹ́ràn ìwé Yorùbá kò lè ṣàì mọ orúkọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ní abúlé Lábọ̀dé, lẹ́bàá Ìbàdàn, ni a gbé bí i ní ọdún 1939, ilé ìwé àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni ó sì ti kọ́kọ́ mú síléètì lọ́wọ́. Kò ì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí a dá ilé ìwé gíga sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, ní 1948.

Nígbà tí òun náà wọ ibẹ̀, kí ni ó lọ kọ́? Èdè Faransé ni! Ó gboyè nínú rẹ̀ ní 1967. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó fi ń kọ̀wé. Ní 1970 ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà jáde, eré lórí Ìyálóde Ìbàdàn tí a pa ní 1874. Ó le kú tẹ̀lé e ní 1974, ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn kan náà, àti àwọn ọmọbìnrin tí ó ń fẹ́. Àwọn kan a máa wí pé èdè ọjà àti ti oko ni èdè wa. Níhìn-ín ni ó ti wọ yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò sì kọsẹ̀.

Ifẹ̀ ni ó ti ṣe olùkọ́, níbẹ̀ ni ó sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1991. Bí ó bá dun àwọn ará Ìbàdàn, a kò bá wọn wí. Ìbàdàn ni ó padà sí, níbẹ̀ ni ó sì kú sí ní oṣù kejì ọdún 2018.