Ta Ló Di Kọ́kọ́rọ́ Bodè Mú?

Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ọwọ́ àwọn Ìjẹ̀bú ni ọ̀pọ̀ ọjà tó ń ti Èkó lọ sí òkè ń gbà kọjá. Wọn kì í jẹ́ kí àjèjì tọ ọ̀nà wọn bó ṣe wù ú, nítorí wọ́n mọ̀ pé oníbodè ló ń jèrè ọ̀nà. Ìbọn òyìnbó ló já bodè náà lójú ogun Ìmàgbọ̀n. Ọ̀nà ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣẹ orí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ onílẹ̀.

Bodè òde òní ni sọ́fítíwíà. Bí ìjọba bá gbé iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù tàbí àkọsílẹ̀ ìlú fún ilé-iṣẹ́ tó fi kóòdù rẹ̀ pamọ́, ilé-iṣẹ́ náà di oníbodè. Lọ́jọ́ tí àdéhùn bá parí, àkọsílẹ̀ ará ìlú lè há sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ìjọba kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Nàìjíríà ti tọ ọ̀nà mìíràn rí. Ní oṣù Keje ọdún 2014, àrùn Ebola wọ Èkó. Ènìyàn 20 ló kó o, 8 sì kú. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Helmholtz ní Braunschweig, orílẹ̀-èdè Jámánì, àti àwọn onímọ̀ ìlera Nàìjíríà jọ ṣe SORMAS. Òṣìṣẹ́ ìlera yóò fi fóònù kọ nípa aláìsàn àti àwọn tó bá a pàdé. Ìròyìn yóò sì dé ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀ àti Àbújá láìpẹ́. Wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó sì tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn, lò ó fún àrùn monkeypox lọ́dún 2017. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 pé ará Ítálì kan tó ti dé Ewékorò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ní àrùn kòrónà, irinṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ìjọba Jámánì pinnu láti fi SORMAS sí àwọn ọ́fíìsì ìlera tirẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ṣì ti ń fi ẹ̀rọ fáàsì ránṣẹ́. Àwọn kan kùn sí i níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a dán wò nílẹ̀ wa ló ré òkun kọjá. Jámánì rí tirẹ̀ lò, tiwa kò sì dín.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ṣí kóòdù wẹ́ẹ̀bù GOV.UK rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 2014, ó yan ODF, ìlànà ìwé orí kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ kankan kò lè há mọ́wọ́.

Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Abẹ́òkúta, ó yẹ kí àdéhùn iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ kedere pé kóòdù tí owó ìlú rà, ti ìlú ni. Kí a sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kàwé ní Ìjagun bí wọn yóò ṣe máa tún un ṣe. Ọ̀nà tó ṣí, tí onílẹ̀ kò lè tún ṣe fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò tún gbé bodè kalẹ̀ sórí rẹ̀.