Paragúáì àti Èdè Tí Ó Gbé E Ró

Ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ti Gúúsù, níbi tí Brasil, Argẹntínà àti Bòlífíà ti yí i ká tí wọn kò fi etí òkun kankan sílẹ̀ fún un, ni Paragúáì wà, orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó 406,752 kìlómítà onígun mẹ́rin, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò sì ju bíi mílíọ̀nù 6 lọ. Odò ńlá tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ilẹ̀ náà, apínlẹ̀-sọ́tùn-ún-sósì, ọ̀nà-ọjà tí kì í hu koríko, ni ó là á sí méjì. Ní ìlà-oòrùn ni ilẹ̀ pupa ọlọ́ràá wà, níbẹ̀ ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ará ìlú ń gbé. Ní ìwọ̀-oòrùn ni Chaco tẹ́ lọ rẹrẹ, pápá ẹlẹ́gùn-ún tí ó gba ju ìdajì ilẹ̀ náà lọ, ṣùgbọ́n tí agbára káká ni a fi ń rí ẹni 3 nínú 100 tí ń gbé ibẹ̀, nítorí ooru àti ọ̀dá omi.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó gbé Paragúáì ró, èdè Guaraní ni kí ó kọ́kọ́ bi léèrè. Ní ibi púpọ̀ tí àwọn ará Sípéènì ti jọba ní apá ayé náà, èdè ọmọ onílẹ̀ di ohun tí à ń fi ìtìjú sọ ní ìgbèríko. Ṣùgbọ́n ní Paragúáì, níbi tí àwọn tí a ń kà sí ọmọ onílẹ̀ kò ju bíi 2 lọ nínú 100, Guaraní ni ó wà lẹ́nu èyí tí ó pọ̀ jù nínú ará ìlú, ìbáà ṣe alápatà, ìbáà ṣe agbẹjọ́rò, ìbáà ṣe sójà.

Àwọn obìnrin ni a ó dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 1537, Juan de Salazar mọ odi kan sí etí odò náà, odi yìí ni ó sì di Asunción, olú-ìlú. Ọ̀nà ilẹ̀ fàdákà ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń wá, wọn kò mú aya wá láti ilé. Àwọn Guaraní fi ọmọbìnrin wọn fún wọn, wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe àna, kí wọ́n lè jọ kojú àwọn ọ̀tá tí ń ti Chaco wá bá wọn jà. Kò pẹ́ tí àna fi di amúnisìn: wọ́n ń fi ipá kó obìnrin láti abúlé dé abúlé, wọ́n sì ń fi wọ́n ro oko. Ẹ má jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀. Nínú ìwé ìhágún tí gómìnà Domingo de Irala ṣe ní 1556, ó dárúkọ àwọn ọmọ tí ó bí, ó sì dárúkọ àwọn ìyá wọn, àwọn tí ó pè ní ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa jẹ́ orúkọ baba, a sì máa jogún baba, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìyá ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀. Ilé ni a sì ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde: nígbà tí wọ́n dàgbà tí wọ́n di olóyè, èdè ìyá ni wọ́n gbé jáde.

Láti 1609 ni àwọn àlùfáà Jesuit ti ń tẹ ìlú dó fún àwọn Guaraní, títí ọba Sípéènì fi lé wọn lọ ní 1767. Ọ̀kan nínú wọn, Antonio Ruiz de Montoya, tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Guaraní jáde ní 1639. Ògiri òkúta pupa Trinidad, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó, sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní oṣù Karùn-ún 1811. José Gaspar Rodríguez de Francia, adánìkanjọba tí kò fẹ́ igbákejì, di ìjọba mú láti 1814 títí ó fi kú ní 1840. Ó ti ẹnubodè, ó sì ṣòfin pé ará Sípéènì kò gbọdọ̀ fi ará Sípéènì ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣaya. Carlos Antonio López tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ la ọ̀nà rélùwéè, ó sì kọ́ ilé-iṣẹ́ irin sí Ybycuí. Ọmọ rẹ̀, Francisco Solano López, ni ó kó ilẹ̀ náà wọ ogun pẹ̀lú Brasil, Argẹntínà àti Urugúáì, àwọn mẹ́ta lórí ẹyọ kan, láti 1864 sí 1870.

Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Guaraní bá wọn dé ojú ogun. Ní ibùdó àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn Cabichuí, tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ èyí tí a fín sí ara igi, tí díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ Guaraní. Nígbà tí bébà wọ́n, okùn ara ewé caraguatá ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tí àwọn àgbà ọkùnrin kú tán, wọ́n kó ọmọdé. Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ, ṣùgbọ́n ní Acosta Ñu, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ 1869, àwọn ìyá ni ó sin ọmọ, àwọn ọmọ tí a gbọ́ pé wọ́n so irùngbọ̀n àtọwọ́dá mọ́ àgbọ̀n kí ọ̀tá lè rò pé àgbà ni wọ́n. Ọjọ́ náà ni Paragúáì fi ṣe Ọjọ́ Ọmọdé títí di òní. Wọ́n pa López ní Cerro Corá ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 1870, ogun sì parí. Àwọn obìnrin tí wọ́n ṣẹ́kù, tí wọ́n pọ̀ ju ọkùnrin lọ fíìfíì, ni wọ́n tún oko dá, tí wọ́n sì tọ́ ìran tuntun, lẹ́ẹ̀kan sí i, ní èdè Guaraní.

Ohun tí ó dùn mí ni pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jí dìde lẹ́yìn ogun ń fìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ èdè yìí. Ìyà náà kò pa èdè náà. Nígbà tí wọ́n bá Bòlífíà jà nítorí Chaco, láti 1932 sí 1935, Guaraní ni àwọn ọ̀gágun fi ń pàṣẹ kí ọ̀tá má baà gbọ́. Ìjọba ológun Alfredo Stroessner, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1954, ṣubú ní 1989. Ní 1992, òfin tuntun fi Guaraní ṣe èdè ìjọba pẹ̀lú Sípáníìṣì.

Lónìí, ìdídò Itaipú tí wọ́n jọ ní pẹ̀lú Brasil lórí odò Paraná, tí agbára rẹ̀ tó 14,000 mẹ́gáwáàtì, ń fún wọn ní iná ju èyí tí wọ́n lè lò lọ. Ní ọ̀sán gangan, wọn a jókòó ti tereré: ewé yerba mate nínú ife ìwo màlúù, omi tútù tí a gún ewé oògùn sí, ọ̀pá irin kan tí gbogbo wọn fi ń fà á mu. Ẹnì kan ní í máa bu omi fún gbogbo agbo. Ẹni tí ó bá dúpẹ́ ti sọ pé òun yó. Níbẹ̀, Guaraní tí a lú pọ̀ mọ́ Sípáníìṣì, tí wọ́n ń pè ní jopará, ni a ó gbọ́. Àwọn olùkọ́ ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀: àwọn kan fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ máa kọ́ni ní Guaraní tí kò ní àbùlà, àwọn mìíràn ní èyí tí ọmọ ń gbọ́ nílé ni kí a fi kọ́ ọ. Ti àwọn kejì ni mo ṣe, nítorí láti ayé Irala wá, ibi ìdáná ni èdè yìí ti ń rí ẹni gbé e, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́.