Ta Ni Ó Ni Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù?

Ẹ̀yin ọmọ Ìtòkú nílé lóko, ẹ jẹ́ kí a rántí Abiola Babes, Abẹ́òkúta. Ní 1985 àti 1987 ni ó gba ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup, orí gbogbo Ẹ̀gbá sì wú. Olóyè M.K.O. Abiola, ọmọ Gbágùrá, nìkan ni ó ni ín. Nígbà tí ó fi í sílẹ̀, ó tú ká. Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí ó gba ife Áfíríkà ní 1976, kò parun, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ni ó ń wò. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Lójú tiwa, ẹgbẹ́ tí ará ìlú ní ìpín nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń yan alákòóso rẹ̀, ni yóò tọ́jọ́.