Sànúsí: Orúkọ Ìdílé Tí Ó Di Orúkọ Ọmọ



Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Sànúsí kì í ṣe orúkọ àjèjì. Ilé ta ni a wò sọ ọ́? Ó yẹ kí a mọ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń pa orúkọ náà tì, wọ́n ní kì í ṣe ojúlówó orúkọ Mùsùlùmí.

Lóòótọ́, níbi tí Sànúsí ti ṣẹ̀, kì í ṣe orúkọ àbísọ. Ẹ̀yà kan ń bẹ ní ẹ̀bá ìlú Tlemcen, ní ilẹ̀ Algeria, tí à ń pè ní Banu Sanus. Bí Lárúbáwá bá fẹ́ sọ ìlú tàbí ìdílé tí ènìyàn ti wá, wọn a fi "í" parí orúkọ ibẹ̀. As-Sanusi, ọmọ Sanus nìyẹn.

Ní Tlemcen ni aáfà ńlá nì, Muhammad ọmọ Yusuf as-Sanusi, gbé, ó sì kú ní 1490. Ìwé rẹ̀ lórí jíjẹ́ ọ̀kan Ọlọ́hun, Umm al-Barahin, tàn dé ilé kéwú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Muhammad mìíràn, ọmọ Ali as-Sanusi (1787–1859), tí a bí ní Algeria bákan náà, ni ó dá ẹgbẹ́ Sanusiyya sílẹ̀ ní Mẹ́kà ní 1837. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Idris, jọba Líbíà láti 1951 títí di 1969.

Muhammad ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, ṣùgbọ́n Muhammad pọ̀ láyé. Orúkọ ìdílé ni a fi dá wọn mọ̀, òun náà ni a sì fi ń sọ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni Tìjání rí, láti ara Ahmad at-Tijani tí ó kú ní 1815. Bẹ́ẹ̀ sì ni Bùhárí, ọmọ ìlú Bukhara, tí ó ṣa àwọn hádíìsì Ànábì wa jọ.

Orúkọ yìí dé orí ìtẹ́ Èkó. Ọba Sànúsí Olúsì jọba láti 1928 sí 1931, Mùsùlùmí sì ni. Olúsì ni orúkọ ìdílé rẹ̀ ní Èkó. Sànúsí, orúkọ ìdílé ará Tlemcen, ni orúkọ tirẹ̀. Lónìí, àwọn mìíràn ń jẹ́ Sànúsí gẹ́gẹ́ bí orúkọ bàbá: ó ti tún padà di orúkọ ìdílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ ẹ, ẹ má jù ú nù. Ìmọ̀ ni àwọn tí a wò sọ yín fi gbajúmọ̀. Ẹ wá ìmọ̀. Orúkọ a máa ro ni. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí tiyín rò yín sí rere. Àmín.