Ohun Tí Ọkọ̀ Vasa Kọ́ Wa

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1628, ọkọ̀ ogun Vasa gbéra ní Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden. Kò rìn ju nǹkan bíi 1,300 mítà lọ tí afẹ́fẹ́ fi dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi gba ojú ihò àgbá wọlé, ó sì rì.

Èmi kò gbà pé afẹ́fẹ́ ló jẹ̀bi. Ọba fẹ́ àgbá ńláńlá ní àjà méjì. Henrik Hybertsson, ọ̀gá àwọn tó ń kan ọkọ̀ náà, kò ya àwòrán. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, ó sì kú ní 1627. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n yọ lómi ní 1961, wọ́n bá ọ̀pá ìwọ̀n: ẹsẹ̀ bàtà àwọn kan jẹ́ íńṣì 12, ti àwọn mìíràn jẹ́ 11.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń tọ́jú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan tí ọlọ́kọ̀ bá béèrè ní nọ́ńbà tirẹ̀, tó so mọ́ àwòrán àti àyẹ̀wò. Bí ẹnì kan bá fi àgbá kún un, gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò rí i.

Ṣùgbọ́n kí Vasa tó gbéra, 30 ọkùnrin sáré láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ lórí rẹ̀ láti dán an wò. Ó mì débi pé Ọ̀gágun Klas Fleming ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Síbẹ̀, wọ́n jẹ́ kó lọ. Kọ̀ǹpútà lè pa ọ̀rọ̀ mọ́. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ láyà láti sọ ọ́ létí ọba.