Àrokò Dúdú lórí Ìtàkùn Ayélujára

Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa, àwọn baba ńlá wa a máa ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú láìkọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Àrokò ni wọ́n ń pa. Bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tí ó fi ránṣẹ́, ẹni tí ó gbà á mọ̀ pé ọkàn ẹni náà fà sí òun, nítorí pé ẹ̀fà ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó mọ̀ pé ohùn àwọn méjèèjì jọ ara wọn, nítorí pé ẹ̀jọ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé owó ẹyọ kọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Èdè tí ó wà lẹ́nu ẹni tí ó ránṣẹ́ àti ẹni tí a ránṣẹ́ sí ni ó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó lásán ni yóò rí, bóyá yóò sì ná an.

Mo mẹ́nu ba àrokò nítorí ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó sì dá mi lójú pé àwa tí a mọ àrokò ni a lè gbádùn rẹ̀ jù. Ní ọjọ́ 8 oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1996, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú-ewé lórí ìtàkùn ayélujára ṣàdédé dúdú bí kóró iṣin. Kò sí ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́, olè kò sì jà. Àwọn tí ó ni àwọn ojú-ewé náà gan-an ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sọ wọ́n di dúdú, a sì ti ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 48. Ẹ wo àwọn tí wọ́n ní gbogbo lẹ́tà èdè wọn lọ́wọ́, tí wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ kan lówùúrọ̀ kí ará ìlú London ti kà á kí ó tó di ọ̀sán, tí wọ́n wá padà lọ pa àrokò! Ohun tí ó gbé wọn débẹ̀ ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò.

Ìtàkùn ayélujára kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ayélujára fúnra rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wa tilẹ̀ ń pe méjèèjì ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ayélujára ni ọ̀nà, èyíinì ni wáyà àti àdéhùn tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń gbọ́ ara wọn yé. Ìtàkùn ni ọjà tí a wá ń ná lẹ́bàá ọ̀nà náà. Ọ̀nà ti wà fún bí ogún ọdún kí ọjà tó dé. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Tim Berners-Lee, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí ìmọ̀ físíìsì tí ó wà lẹ́bàá Geneva, ni ó kọ ìwé àbá rẹ̀ ní oṣù Máàṣì, ọdún 1989. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1991, àwọn tí kò sí ní CERN ti ń rí ojú-ewé àkọ́kọ́. Ó fún ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, ó ṣe ìlànà tí kọ̀ǹpútà kan yóò fi máa béèrè ojú-ewé lọ́wọ́ òmíràn, ó sì dá èdè tí a fi ń kọ ojú-ewé sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní HTML. Ní ọjọ́ 30 oṣù Épírì, ọdún 1993, CERN kéde pé ẹnikẹ́ni lè lo iṣẹ́ náà láìsan kọ́bọ̀. Ní tèmi, ọjọ́ yìí ṣe pàtàkì ju ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ni ìtàkùn, ta ni ì bá gbà kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kun ojú-ewé wọn ní dúdú?

Àwọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ẹnikẹ́ni lójú ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Mosaic, tí Marc Andreessen àti Eric Bina kọ ní Yunifásítì Illinois, jáde ní ọdún 1993, ẹ̀yìn ewé rẹ̀ rí bí eérú, lẹ́tà rẹ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ tí a bá sì tẹ̀ tí yóò gbé wa lọ sí ojú-ewé mìíràn jẹ́ àwọ̀ aró, pẹ̀lú ìlà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọ̀ aró yìí ni àṣà títí di òní, bí oníǹkan kò bá yan òmíràn. Berners-Lee ti ṣàlàyé nígbà kan pé, bí òun ti rántí rẹ̀, aró ni ó dúdú jù nínú àwọn àwọ̀ tí ó wà nílẹ̀, nítorí náà òun ni kò ní ṣòro fún ojú láti kà. Àwọ̀ ewé ni òun fúnra òun fẹ́ràn. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á. Àwọn onímọ̀ èdè ti wí fún wa pé àwọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá ní orúkọ gidi fún, funfun, pupa àti dúdú, àti pé dúdú yìí gba aró àti àwọ̀ ewé mọ́ra. Òyìnbó tí ó ní orúkọ rẹpẹtẹ fún àwọ̀, nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ ìwé kíkà, òun náà wá fi aró sí abẹ́ dúdú!

Síbẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kì í rẹ aró. Iná ni ó ń tàn. Nínú ẹyọ kékeré kọ̀ọ̀kan tí ó wà lójú rẹ̀ ni fìtílà mẹ́ta wà, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan àwọ̀ aró. A lè tan fìtílà kọ̀ọ̀kan láti orí òdo, tí í ṣe pé ó kú pátápátá, títí dé 255. Bí a bá ṣírò rẹ̀, àwọ̀ 16,777,216 ni ó lè ti inú wọn jáde. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàn dé òpin, funfun ni a ó rí. Bí pupa àti àwọ̀ ewé bá tàn pọ̀, àwọ̀ ìyeyè ni, ohun tí aláró kankan kò lè rí nínú ìkòkò rẹ̀ láé. Aláró a ti aṣọ bọ inú aró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, aṣọ a sì máa dúdú sí i. Àfikún ni dúdú tirẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, dúdú ni ìgbà tí fìtílà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú. Báyìí ni a ṣe ń kọ ọ́: #000000. Láti ọdún 1995 ni Netscape ti jẹ́ kí ẹni tí ó ń kọ ojú-ewé fi ọ̀rọ̀ kékeré kan, bgcolor, yan àwọ̀ ẹ̀yìn ewé rẹ̀. Gbogbo àrokò náà kò ju òdo mẹ́fà lọ. Mo mọ̀ pé èèṣì ni pé wọ́n pé mẹ́fà bí owó ẹyọ àwọn baba wa, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe kí n má sọ ọ́.

Òfin tí ó fa gbogbo èyí ni wọ́n ń fi lẹ́tà mẹ́ta pè ní CDA. Sẹ́nétọ̀ James Exon láti ìpínlẹ̀ Nebraska ni ó gbé e wá, wọ́n sì fi í sínú òfin ńlá kan lórí tẹlifóònù àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, èyí tí Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí ní ọjọ́ 8 oṣù Fẹ́búárì náà. Òfin yìí wí pé ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ohun tí kò bójú mu sí ibi tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ti lè rí i lórí ayélujára lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Kò sí òbí rere tí yóò sọ pé kí a má dáàbò bo ọmọdé. Ìjà àwọn tí ó kọ òfin yìí wà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìbójúmu. Ta ni yóò wọ̀n ọ́n? Àwa níhìn-ín mọ̀ pé orin tí àgbà ọkùnrin àti obìnrin ń kọ ní gbangba lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, bí ọmọdé bá kọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, igbá etí ni yóò fi gbà á. Ọjọ́ àti ibi ni ó ń sọ ohun tí ó bójú mu. Ṣùgbọ́n ojú-ewé kan kò ní ọjọ́, kò sì ní ibi; ibi gbogbo ni a ti lè ṣí i. Dókítà tí ó ń kọ́ ènìyàn nípa àrùn éèdì, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, gbogbo wọn ni ẹ̀rù bà.

Ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní Voters Telecommunications Watch ni ó ké sí àwọn oníǹkan pé kí wọ́n sọ ojú-ewé wọn di dúdú. Ẹgbẹ́ mìíràn, Electronic Frontier Foundation, fún àwọn ènìyàn ní àwòrán rìbọ́nì aláwọ̀ aró kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú-ewé wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣèré ti ń fi rìbọ́nì pupa sáyà láti ọdún 1991 nítorí àrùn éèdì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rojọ́ lè wí pé àrokò méjèèjì dọ́gba, pé dúdú ni ọ̀kan, dúdú sì ni èkejì! Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, rìbọ́nì ń wí pé, "Mo wà lẹ́yìn yín." Ewé dúdú ń wí ohun tí ó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ ọ̀fọ̀ wà nínú rẹ̀. Iná tí ó kú wà nínú rẹ̀. Táwàdà tí àwọn ayẹ̀wéwò ìjọba fi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú lẹ́tà àwọn ológun náà wà nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ìtumọ̀ tí a bí dúdú mọ́. Ní èdè tiwa, ọmọbìnrin tí a bá pè ní adúmáadán, oríyìn ni a fún un, kì í ṣe ọ̀fọ̀ ni a bá a ṣe.

Dúdú yìí kọ́ ni ó pa òfin náà, kí n sọ òtítọ́. Ẹjọ́ ni. Ní ọjọ́ tí Clinton fọwọ́ sí i gan-an ni ẹgbẹ́ ACLU gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Philadelphia, àwọn adájọ́ mẹ́ta sì dá òfin náà dúró ní oṣù Júùnù ọdún yẹn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Júùnù, ọdún 1997, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ó lòdì sí ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Adájọ́ John Paul Stevens, ẹni tí ó kọ ìdájọ́ náà, sọ pé bí a bá fi ìwọ̀n ìlú wọn ọ̀rọ̀ orí ayélujára, ìwọ̀n ìlú tí ara rẹ̀ máa ń tètè bù máṣọ jù ni yóò di ìwọ̀n fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Apá kan tí kò bá ìyókù kú ni ẹsẹ 230, tí ó wí pé a kò gbọdọ̀ ka oníkànnì sí ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ sí ìkànnì rẹ̀. Lórí ẹsẹ yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá òde òní dúró lé.

Àrokò náà padà wá, ó sì lágbára sí i. Ní oṣù Fẹ́búárì ọdún 2009, àwọn ará New Zealand sọ àwòrán ara wọn di dúdú lórí ayélujára nítorí òfin tí ó fẹ́ máa já okùn ayélujára ẹni tí a bá fẹ̀sùn kàn pé ó jí iṣẹ́ oníṣẹ́ lò. Ìjọba sì kó apá òfin náà sẹ́yìn ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ní Amẹ́ríkà, àbá òfin méjì, SOPA àti PIPA, dé iwájú àwọn aṣòfin ní ọdún 2011. Wọ́n fẹ́ kí a lè dí ọ̀nà ìkànnì ilẹ̀ òkèèrè tí ó bá ń ta iṣẹ́ àjígbé, kí àwọn tí ń polówó má sì bá wọn ná mọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù Jánúárì, ọdún 2012, Wikipedia ti èdè Gẹ̀ẹ́sì di dúdú fún wákàtí 24, Google sì fi dúdú bo orúkọ ara rẹ̀. Ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 162 ni ó rí ewé dúdú ti Wikipedia. Iye kejì ni mo kà sí jù: mílíọ̀nù 8 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó wo orúkọ aṣòfin wọn lójú ewé náà, nítorí pé àyè wà níbẹ̀ láti wá a. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, àwọn aṣòfin ti àbá méjèèjì tì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń rí bẹ́ẹ̀. Wikipedia ti èdè Jámánì di dúdú ní ọjọ́ 21 oṣù Máàṣì, ọdún 2019. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé ìgbìmọ̀ Yúróòpù gba òfin tí wọ́n ń bá jà wọlé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Júùnù, ọdún 2020, lẹ́yìn ikú George Floyd, àìmọye ènìyàn gbé àwòrán dúdú lásán sí Instagram. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi àmì kan náà sí i tí àwọn tí ó wà lójú pópó fi ń wá ìròyìn ibi tí ọlọ́pàá wà àti ibi tí a ti lè rí ìrànlọ́wọ́, dúdú sì bo ìròyìn náà mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó pa àrokò yìí kò sọ ohun tí kí ẹni tí ó rí i ṣe.

Ní ilẹ̀ tiwa, a ti rí ohun tí ó yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Júùnù, ọdún 2021, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí Twitter, tí a ń pè ní X nísisìyí, yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ kúrò, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti dá ìkànnì náà dúró ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ kejì, ojú-ewé náà kò ṣí mọ́ lórí fóònù wa. Kò dúdú, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀ tí yóò sọ ẹni tí ó tì í tàbí ìdí tí ó fi tì í. Ó kàn ń yípo lójú fóònù ni. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gba ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré tí ibẹ̀ ni oníbàárà wọn wà dákẹ́ títí di ọjọ́ 13 oṣù Jánúárì, ọdún 2022, tí wọ́n ṣí i padà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Júláì ọdún kan náà, ilé-ẹjọ́ ECOWAS tí ó wà ní Àbújá dájọ́ pé ohun tí ìjọba ṣe lòdì sí òfin, ó sì pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe é mọ́.