Sláìdì Eliot Elisofon

Sláìdì ni fọ́tò aláwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà gan-an ni àwòrán náà. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí òmíràn. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀ lójú ọ̀nà, pàápàá kí wọ́n tó fọ̀ ọ́.

Eliot Elisofon (1911–1973), ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà tó bá ìwé ìròyìn Life ṣiṣẹ́, gbé fíìmù rìn káàkiri Áfíríkà láti ọdún 1947. Ní ọdún 1970, ó ya Ọba Akenzua Kejì ní ìlú Bìní. Nígbà tó kú, ó fi nǹkan bí 30,000 sláìdì sílẹ̀ fún ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà wọn sínú kọ̀ǹpútà, tí ọmọ Ẹdó fi lè rí ọba àná láti ilé. Ṣùgbọ́n àwọ̀ àti ojú nìkan ni ẹ̀rọ lè gbà là. Orúkọ, ibi àti ọjọ́ wà lọ́wọ́ ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ sláìdì, àti lẹ́nu àgbà tó ṣì dá ojú náà mọ̀. Bí a kò bá tètè bi wọ́n, àwòrán yóò kù, ìtàn rẹ̀ yóò sì lọ.